Mo ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹsẹ̀ mi há: báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni tó ń pààyàn léraléra mú?

Àkànmú_Akọ̀wé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń kọ ìtàn àròsọ kan. Ìbàdàn ni mo fi í sí. Ọlọ́pàá obìnrin kan, Ìsípẹ́kítọ̀ Àbẹ̀kẹ́, ló ń wá ọkùnrin kan tó ń pa àwọn obìnrin tó ń ti ọjà alẹ́ bọ̀. Orí kẹfà ni mo dé tí ọ̀rọ̀ fi dojú rú. Mo ti pa èèyàn mẹ́rin (nínú ìwé ni o, ẹ má tíì pe ọlọ́pàá), àmọ́ mi ò mọ bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. Bí mo bá kọ ọ́ báyìí, á dà bíi fíìmù: bàbá kan á da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, á dárúkọ ọ̀daràn, ó parí. Bí mo bá tún kọ ọ́ bí tọ̀hún, ọ̀daràn náà á kàn dúró láàárín títì, á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, tàbí tẹ́ ẹ ti kàwé nípa irú àwọn èèyàn yìí, báwo ni ọwọ́ ṣe ń tẹ̀ wọ́n gan-an? Ìbéèrè kejì: kí ni ká máa pe ẹni tí í pa ọ̀kan, tí í sinmi, tí í tún lọ pa òmíràn? "Agbanipa" ni mo ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní mi ò gbọ́ Yorùbá.

Ọmọ_Adó

Ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ ọ jù yín lọ. Agbanipa ni ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́: wọ́n fún un lówó, ó lọ pa ẹni tí kò mọ̀ rí, ó padà sílé. Òwò ló ń ṣe. Èyí tẹ́ ẹ ń sọ, kò sẹ́ni tó rán an. Èmi á pè é ní apànìyàn léraléra, bó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.

Àdùkẹ́_Ọ̀jọ́ọ̀

Apaniṣayọ̀ ńkọ́?

Ọmọ_Adó

Ó dáa, àmọ́ ẹnu àwọn tó ń sunkún ló yẹ. Ọlọ́pàá ò ní kọ ọ́ sínú fáìlì. Ẹ lo méjèèjì. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá ń pè é ní "afurasí", tí àwọn obìnrin ọjà ń pè é ní "apaniṣayọ̀", òǹkàwé á ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dárúkọ.

ÌyáÌbejì_Leeds

Àbúrò, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Leeds ni mò ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bó o bá jókòó ti àwọn ìyá ibẹ̀ lálẹ́, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi dárúkọ Peter Sutcliffe. Obìnrin 13 ló pa láàárín 1975 sí 1980, 7 mìíràn sì yè é. Wọ́n á sọ fún ọ bí ọkọ ṣe ń lọ dúró ní ibùdókọ̀ láti mú ìyàwó rẹ̀ wálé, tí ìyàwó náà á tún máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọkọ ọ̀hún, kó má lọ jẹ́ òun ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ rèé. Kì í ṣe pé ọlọ́pàá ò rí i. Wọ́n rí i, wọ́n tún rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ní 1977, wọ́n bá owó pọ́n-ùn márùn-ún kan nínú báàgì obìnrin kan tó pa ní Manchester. Owó tuntun ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báńkì jáde, wọ́n sì tọ nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ dé àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n kó irú owó bẹ́ẹ̀ fún láti fi sanwó òṣìṣẹ́. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Sutcliffe gan-an, awakọ̀ ẹrù ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ilé ló wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Kọ̀ǹpútà ò sí. Káàdì ni wọ́n ń kọ orúkọ sí ní àgọ́ Millgarth ní ìlú wa níbí, ìwé sì pọ̀ débi pé wọ́n ní láti fi nǹkan ti ilẹ̀ yàrá náà láti ìsàlẹ̀ kó má bàa jìn. Ẹni tó ń tọpa owó kò mọ̀ pé orúkọ yẹn kan náà wà nínú àpótí àwọn tó ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń rìn gbéregbère lóru. Orúkọ rẹ̀ wà nílé, àmọ́ kò sẹ́ni tó kó àpótí méjèèjì sórí tábìlì kan.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹnì kan kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń darí ìwádìí náà, ní 1979 ó tún fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ó lóun ni apànìyàn náà. Ohùn Sunderland ni ohùn rẹ̀. Ọ̀gá náà gbà á gbọ́ pátápátá. Láti ọjọ́ yẹn, bí afurasí kò bá ti sọ̀rọ̀ bí ará Sunderland, wọ́n á fà á tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ Bingley ni Sutcliffe, nítòsí ilé. Irọ́ gbáà ni kásẹ́ẹ̀tì náà. Ọdún 2005 ni wọ́n tó fi itọ́ tó wà lára àpòòwé mú ẹni tó ṣe é, ó ṣẹ̀wọ̀n. Àmọ́ lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì yẹn, Sutcliffe ti pa obìnrin mẹ́ta sí i.

Wá gbé e wá sí Ìbàdàn. Jẹ́ kí ẹnì kan máa pe fóònù Àbẹ̀kẹ́ lóru, kó máa fọ́ Ìjẹ̀ṣà pọ́nńbélé. Kí ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n lọ kó gbogbo òṣómàáló tó wà nílùú. Kí apànìyàn jókòó sílé rẹ̀ níbi tó wà, ọmọ Ìbàdàn gidi, kó máa jẹ àmàlà, kó máa bú àwọn Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò.

Ìjẹ̀ṣà_Ọmọ_Ọwá

Ìyá Ìbejì, kí la ṣe fún yín báyìí? 😂

ÌyáÌbejì_Leeds

Ẹ má bínú, ọkọ mi náà ọmọ Iléṣà ni. Mo gbàgbé ohun kan. Ní 1976, obìnrin dúdú kan ní Leeds yìí yè é. Ó ṣàpèjúwe ẹni tó lu òun, àwòrán tí wọ́n yà látẹnu rẹ̀ sì jọ Sutcliffe. Ọlọ́pàá kò kà á mọ́ àwọn tí apànìyàn náà ṣe léṣe. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá ní ẹlẹ́rìí kan tó rí ojú ọkùnrin náà, jẹ́ kó jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá_Káńtà

Ọmọ mi, ọdún 31 ni mo fi wọ aṣọ dúdú kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo gbádùn ohun tí ìyá Leeds kọ, àmọ́ o ò lè gbé e wá sílé bẹ́ẹ̀. Jẹ́ n sọ bí òkú ṣe ń di fáìlì ní tiwa fún ọ.

Ọlọ́pàá kọ́ ló máa kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹni tó ń lọ sóko láàárọ̀ ló máa rí i, á figbe ta, àdúgbò á tú jáde. Kí IPO, ọlọ́pàá tó máa wádìí ẹjọ́ náà, tó rí ọ̀kadà gùn, igba èèyàn ti tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ti gbé báàgì olóògbé lọ "kó má bàa sọnù". Ẹlòmíràn ti sáré wọlé mú aṣọ wá fi bo òkú, torí àánú. Nínú àwọn ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kà, wọ́n á fi ọ̀já yí ibẹ̀ ká. Tiwa, ẹ̀rí ti bá bàtà àwọn òǹwòran lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Bí olóògbé bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n fẹ́ sin ín lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ Kírísítẹ́nì, bàbá rẹ̀ á ní kí wọ́n má fọ̀bẹ kan ọmọ òun lẹ́yìn ikú. Kí dókítà UCH tó yẹ òkú wò, Àbẹ̀kẹ́ ní láti lọ jókòó ní pálọ̀ àwọn èèyàn tó ń sunkún, kó bẹ̀ wọ́n. Kọ ibẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wa wà, kì í ṣe ìbọn.

Ibi tí ìtàn rẹ á ti dùn wá nìyí. Pa ọ̀kan sí Mọ́níyà, ọ̀kan sí Olódó, ọ̀kan sí Òjé, ọ̀kan sí Ọmí-Adió. DPO (ọ̀gá àgọ́) mẹ́rin, IPO mẹ́rin, fáìlì mẹ́rin. Ẹni tó wà ní Mọ́níyà kò gbọ́ nǹkan kan nípa ti Ọmí-Adió, bí kò bá jẹ́ pé ó gbọ́ ọ lórí rédíò bíi ìwọ náà. Ó tún ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé IPO ti àkọ́kọ́ lọ sí Yobe kí oṣù tó parí. Ìgbà tí ẹjọ́ bá dé SCID, ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀, ní Ìyágankú nìkan ni fáìlì wọ̀nyẹn lè pàdé, ìyẹn bí ẹnì kan bá lọ kó wọn jọ. Fi Àbẹ̀kẹ́ sí Ìyágankú. Má fún un ní mọ́tò. Jẹ́ kó fi owó ara rẹ̀ ṣe fọ́tòkọ́pì.

Àkànmú_Akọ̀wé

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, DNA ńkọ́? Mo ti kọ ọ́ sí orí kẹjọ pé wọ́n mú irun kan lọ sí ilé àyẹ̀wò, ó bọ́ sí i lọ́jọ́ kejì.

Bàbá_Káńtà

Lọ́jọ́ kejì! Ọdún wo ni ìtàn rẹ wáyé?

Àkànmú_Akọ̀wé

2021, sà.

Bàbá_Káńtà

Ìjọba Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA kan ní 2017. Nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n kó ohun inú rẹ̀. Nítorí náà, ní 2021, irun rẹ yẹn á dúró sínú àpòòwé. Kódà bí àyẹ̀wò bá wà, irun ẹni tí wọn ò ní DNA rẹ̀ nípamọ́, ta ni wọ́n fẹ́ fi wé? Yọ orí kẹjọ kúrò.

Adéọlá_Houston

Ẹ̀rọ kọ́ ló sábà máa ń mú wọn lọ́hùn-ún náà. Ní New York ní 1977, gbogbo ìlú ń wá ẹni tó ń yìnbọn pa àwọn ọ̀dọ́ lóru. Obìnrin kan tó mú ajá rẹ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ kan rántí pé òun rí ọlọ́pàá tó ń lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ síbi tí kò yẹ, nítòsí ẹ̀rọ omi panápaná. Wọ́n lọ wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ David Berkowitz ni. Èèyàn mẹ́fà ló ti pa. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lásán!

Ti Dennis Rader ní Wichita, ní Amẹ́ríkà níbí, tún pa mí lẹ́rìn-ín. Èèyàn 10 ló pa láàárín 1974 sí 1991, ó dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ní 2004 ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ilé ìròyìn, torí pé wọ́n ti ń gbàgbé rẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá bóyá wọ́n lè mọ ibi tí òun wà bí òun bá fi dísíkì kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n fi ìpolówó dáhùn nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n dáhùn pé kò séwu. Ó fi í ránṣẹ́. Wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n bá orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan àti orúkọ "Dennis". Òun ni ààrẹ ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún. Oṣù kejì 2005 ni wọ́n mú un.

Ìgbéraga ló mú un jáde. Bí apànìyàn yín bá ti dákẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gba ògo iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wo bó ṣe máa bínú.

Àdùkẹ́_Ọ̀jọ́ọ̀

Ààrẹ ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbà mí o.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Ẹ jẹ́ n fi ti dókítà kún un, torí pé nínú iṣẹ́ wa la ti máa ń sọ ọ́ fún ara wa. Harold Shipman, dókítà àdúgbò ní ìlú Hyde ní England. Ó máa ń lọ kí àwọn ìyá arúgbó nílé, á fún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á sùn, wọn ò ní jí. Ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọ̀rẹ́yìn pé ó kéré tán, 215 ló pa. Ta ló máa fura? Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìwé ẹ̀rí ikú wọn!

Àwọn tó kọ́kọ́ rí i kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú ni. Wọ́n rí i pé òkú àwọn aláìsàn dókítà yìí pọ̀ jù, àti pé orí àga ni wọ́n sábà ń bá àwọn ìyá náà, nínú aṣọ àtàtà, bí ẹni tó ń gbàlejò. Dókítà obìnrin kan lọ fẹjọ́ sun ní 1998. Ọlọ́pàá wò ó lóréfèé, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ó tún pa mẹ́ta sí i. Ohun tó wá tú u fó ni ìwé ìhágún. Ó fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan tẹ ayédèrú ìhágún fún ìyá kan, pé gbogbo ogún di ti dókítà. Kò rántí pé lọ́yà ni ọmọ ìyá náà obìnrin. Wọ́n hú òkú, wọ́n bá oògùn lára rẹ̀.

Nítorí náà, Àkànmú, apànìyàn yín kò gbọ́dọ̀ jẹ́ wèrè tó ń gbé abẹ́ afárá. Ẹni tí Àbẹ̀kẹ́ máa ń kúnlẹ̀ kí ni kẹ́ ẹ wá. Kẹ́ ẹ sì bi àwọn tó ń kàn pósí, ọkùnrin tó ń gbẹ́ sàréè, ẹni tó ń ṣọ́ mọ́ṣúárì. Wọ́n mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n.

Awo_Ọ̀yọ́

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Ifá tí Àkànmú mú wá lákọ̀ọ́kọ́. Ifá kì í dárúkọ ọ̀daràn bí ẹni tó ń ka rẹ́jísítà kíláàsì. Bí o bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀, odù ló máa yọ, ẹsẹ lo máa kì, ìtàn ni ẹsẹ, ẹni tó wá dáfá ló máa bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ fíìmù ló bà á jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi babaláwo síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyá ọ̀kan nínú àwọn olóògbé lọ dáfá, kí Ifá sọ ohun tó jẹ́ ti ìyá náà fún un. Kí Àbẹ̀kẹ́ jókòó síta, kó máa dúró de ìyá.

Alhaji_Ọ̀ffà

Òótọ́ ni. Ó tún ní ìkejì rẹ̀: ohun tí kásẹ́ẹ̀tì Sunderland jẹ́ fún wọn lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ "afiniṣòògùn" ló jẹ́ fún wa. Bí òkú bá ti yọ báyìí, kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ló rí i kẹ́yìn mọ́. Gbogbo ẹnu á ní oògùn owó ni, wọ́n á lọ jó ilé ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò. Apànìyàn á bá wọn gbé táyà.

Ọmọ_Thamesmead

Alhaji, ẹ rántí ọmọdékùnrin tí wọ́n rí nínú odò Thames ní oṣù kẹsàn-án 2001? Kì í ṣe apànìyàn léraléra o, ọmọ kan ṣoṣo ni, àmọ́ ẹni tó ń kọ ìtàn ìwádìí gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Kò lórí, kò lẹ́sẹ̀, kò lọ́wọ́. Ọlọ́pàá London sọ ọ́ ní Adam kó má bàa jẹ́ nọ́ńbà lásán. Èmi rántí bí àwọn aládùúgbò ṣe ń wo àwa Yorùbá nígbà yẹn. Gbogbo ìwé ìròyìn ń kígbe ètùtù, ètùtù.

Ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá kò dúró lórí ariwo yẹn. Wọ́n wo ṣòkòtò aláwọ̀ ọsàn tó wà nídìí ọmọ náà, wọ́n tọpa rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù ní Jámánì. Wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ wo egungun rẹ̀, torí pé ohun tí èèyàn bá ń jẹ àti omi tó ń mu máa ń fi àmì òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ sínú egungun. Wọ́n wá sí Nàìjíríà, wọ́n ń bu erùpẹ̀, wọ́n ń ra oúnjẹ lọ́jà láti fi wé e. Àmì náà mú wọn dé àárín Ìbàdàn sí Benin. Ẹ wò ó, ilẹ̀ wa ló jẹ́rìí sí ọmọ yẹn nígbà tí ẹnu kan ò jẹ́rìí sí i. Títí di òní, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀.

Àdùkẹ́_Ọ̀jọ́ọ̀

Ọmọ_Thamesmead, ẹ ti jẹ́ kí oorun dá lójú mi.

Lọ́yà_Ìlàrè

Mo ti ń ka á láti àná. Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí ìjẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo òǹkọ̀wé wa ti ń kọsẹ̀: wọ́n á lu afurasí, á jẹ́wọ́, ìtàn parí. Ìjẹ́wọ́ ti pa aláìṣẹ̀ rí. Ní Rostov, ní Soviet Union àtijọ́, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin kan ní 1983 lórí ikú ọmọbìnrin kan, òun náà ti jẹ́wọ́. Andrei Chikatilo ló pa ọmọ náà. Wọ́n mú Chikatilo gan-an ní 1984, wọ́n tún fi í sílẹ̀ torí pé irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá ohun tí wọ́n rí lára òkú mu. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ títí di 1990. Nígbà tí ẹjọ́ parí, ẹ̀sùn ikú èèyàn 52 ni wọ́n dá a lẹ́bi rẹ̀.

Ti Leicestershire ní England tún dára ju. Wọ́n pa ọmọbìnrin méjì, ọ̀kan ní 1983, èkejì ní 1986. Ọmọkùnrin ọdún 17 kan jẹ́wọ́ ọ̀kan. Alec Jeffreys, tó ṣàwárí ọ̀nà àtifi DNA mọ ènìyàn, yẹ̀ ẹ́ wò: ẹnì kan náà ló pa àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe ọmọ yìí. Ẹni àkọ́kọ́ tí DNA ṣe lóore níbi ẹjọ́ ìpànìyàn, aláìṣẹ̀ ni. Wọ́n wá ní kí gbogbo ọkùnrin àdúgbò wá fún wọn lẹ́jẹ̀, ó lé ní 5,000. Kò bá ẹnì kankan mu! Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan ń mutí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ Colin Pitchfork. Obìnrin kan tó wà níbẹ̀ gbọ́, ó lọ sọ. Ilé ọtí ló parí ohun tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀.

Fún Àbẹ̀kẹ́: òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ (ACJA, 2015) fẹ́ kí wọ́n gba ìjẹ́wọ́ sórí fídíò, tàbí kí lọ́yà afurasí wà níjòókòó. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá fi igi gbà á, adájọ́ lè dà á nù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ ti gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu òṣómàáló kan ní orí kẹrin, kí òkú kẹrin wá ṣubú nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ wà ní àhámọ́.

Bàbá_Káńtà

Lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa. Àmọ́ kò purọ́.

Ẹyẹ_Òwìwí

Mo dá a lábàá kẹ́ ẹ wo ti ọmọkùnrin tó ń pa àwọn obìnrin ní Port Harcourt ní 2019. Òtẹ́ẹ̀lì ni ọmọkùnrin yẹn ń mú àwọn obìnrin lọ. Kámẹ́rà òtẹ́ẹ̀lì kan ká a bó ṣe ń jáde, fídíò náà dé orí fóònù gbogbo èèyàn, wọ́n mú un loṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un lọ́dún 2020. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òkú mélòó? 

Àṣàkẹ́_Gbági

Èmi kò mọ ọlọ́pàá o, aṣọ ni mò ń tà. Mo kàn fẹ́ bi Àkànmú: àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn, kí ni orúkọ wọn? Kí ni wọ́n ń tà? Mo ka gbogbo ìjíròrò yìí, mo mọ orúkọ apànìyàn ilẹ̀ òkèèrè mẹ́fà, mi ò mọ orúkọ obìnrin kan.

Bí obìnrin ọjà kò bá wá lọ́jọ́ kan, ẹni tó kọ́kọ́ máa mọ̀ ni alájọ. Ojoojúmọ́ ló ń dé ìsọ̀ rẹ̀, ó ń sàmì sí káàdì. Bí àmì bá dúró ní Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ni pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Ọkọ lè parọ́ ọjọ́ tó rí ìyàwó rẹ̀ kẹ́yìn, káàdì àjọ kì í parọ́. Ìyálọ́jà náà ńkọ́? Ṣé ẹ rò pé wọ́n á pa ọmọ ẹgbẹ́ ọjà mẹ́rin kí Ìyálọ́jà jókòó sílé? Á ti kó obìnrin ogójì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ti àwọn tí wọ́n pa ní Akínyẹlé, Ìbàdàn, ní 2020. Gbogbo wa níbí mọ̀ ọ́n, títí kan bí afurasí ṣe sá kúrò ní àhámọ́ loṣù kẹjọ kí wọ́n tó tún un mú. Àwọn ìyá wọn ń bẹ láyé, wọ́n ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ wa.

Àkànmú_Akọ̀wé

Mo kúnlẹ̀, mà. Mi ò sọ wọ́n lórúkọ lóòótọ́. "Òkú kìíní", "òkú kejì" ni mo kọ.

Ọmọ_Adó

Òǹkọ̀wé Oládẹ̀jọ Òkédìjí ti mọ̀ láti 1969 pé kí ọwọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ má baà há sínú aṣọ ìjọba, ló ṣe jẹ́ pé ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni Làpàdé rẹ̀. Àkànmú, ṣé o ò lè yọ Àbẹ̀kẹ́ kúrò níṣẹ́?

Bàbá_Káńtà

Rárá. Fi í sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kò lè rí fáìlì mẹ́rin.

Àkànmú_Akọ̀wé

Ẹ̀yin ará, mi ò sùn lánàá. Mo ti fa orí kẹfà títí dé ìkẹwàá ya. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.

Orúkọ wọn ni Sáfúrátù, Fúnmiláyọ̀, Ìyá Tọ́lá àti Rèbékà. Sáfúrátù ń ta ata gígún. Fúnmiláyọ̀ ń ta bàtà ọmọdé. Ìyá Tọ́lá ń ta ẹ̀kọ. Rèbékà kò tíì nísọ̀ tirẹ̀, igbá ló ń gbé káàkiri. Àbẹ̀kẹ́ á fi káàdì àjọ mọ alẹ́ tí kálukú wọn lọ. Ọ̀gá rẹ̀ á ti ní oògùn owó ni, á ti gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu òṣómàáló (Ọmọ Ọwá, ẹ dárí jì mí). Àbẹ̀kẹ́ á wá kó fáìlì mẹ́rin jọ ní Ìyágankú, á tẹ́ àwọn fọ́tò sílẹ̀ lórí ẹní nílé rẹ̀.

Bàbá Káńtà ló fún mi ní ìyókù láì mọ̀. Ẹ ní ẹnì kan máa ń sáré mú aṣọ wá láti fi bo òkú. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, kò sẹ́ni tó bi onítọ̀hún ní nǹkan kan, torí pé àánú ló ṣe. Orí kejì ni mo fi í sí, ìlà kan péré: "bàbá kan tó ń kọjá lọ bọ́ aṣọ rẹ̀ lé e."

Àṣàkẹ́_Gbági

Irú aṣọ wo?

Àkànmú_Akọ̀wé

Àǹkárá, mà. Aláwọ̀ aró, ó ní ẹyẹ funfun lára.

Àṣàkẹ́_Gbági

Òkú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Àkànmú_Akọ̀wé

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. DPO mẹ́rin ló ní in nínú fọ́tò, kò sẹ́ni tó kó wọn pọ̀ rí. Ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ tò wọ́n sórí ẹní ló rí i pé ibi tí ìkan ya dé ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣàkẹ́_Gbági

Ọ̀pá mẹ́fà mẹ́fà la ń ta àǹkárá. Bó bá gé e sí mẹ́rin, ó ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ wá sí ìsọ̀ mi wá bi mí.